Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Abọ́ láfún lẹ́nu ọ̀nà, àtàwọn ọ̀rọ̀ aládùúgbò mìíràn (Abẹ́òkúta, April 2020)

Ẹ kú àfaradà o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìjókòó ilé nítorí àrùn Kòrónà, tó ti wá di iṣẹ́ òòjọ́ lọ́dún 2020 yìí. Ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní Friday, 24 April 2020, ẹ̀yin Mùsùlùmí wa ẹ kú oṣù, Ọlọ́run á gbà á ní ìjọ́sìn. Ẹ̀yin onígbàgbọ́ tẹ́ ẹ ṣe Àjíǹde nínú pálọ̀ lọ́dún yìí, tẹ́ ẹ fi fóònù ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin náà ẹ kú ọdún tó kọjá.

Gbogbo wa la mọ ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó ará Ítálì kan ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn Kòrónà lára ẹ̀ ní Nàìjíríà lópin oṣù February 2020, Ewékorò ló sì wá ṣiṣẹ́, Ewékorò tiwa yìí tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá wọkọ̀ ní Làfẹ́ǹwá ẹ ò ní pẹ́ débẹ̀. Nígbà tó di ìparí March, Ààrẹ Buhari ní kí Èkó, Abuja àti Ògùn jókòó sílé láti 30 March, ìjọba ìpínlẹ̀ wa bẹ̀bẹ̀ pé kí tiwa di Friday, 3 April, káwọn èèyàn lè ráyè ra oúnjẹ sílé. Èrò tó dáa ni o, àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá rí lónìí ló ń jẹ lónìí, kí ló fẹ́ fi ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì? Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gan-an ò tíì pé tí wọ́n tún fi ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn lé e ní 13 April. Ibi tá a wà lópin April 2020 yìí rèé, lọ́jọ́ kan wọ́n á ṣí wa sílẹ̀ láti àárọ̀ di aago méjì ọ̀sán ká lọ ra nǹkan, lọ́jọ́ kejì kónílé-ó-gbélé.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àrùn ló máa kún inú lẹ́tà yín, àtèyí tẹ́ ẹ tẹ̀ ránṣẹ́ àtèyí tẹ́ ẹ fi ohùn ká sílẹ̀ (àwọn ẹlẹ́ran ọ̀sìn, adìyẹ yín ń ké jù o, díẹ̀ ni mo gbọ́ nínú ohun tẹ́ ẹ sọ). Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò ló pọ̀ jù: ẹni tó fúnni, ẹni tí wọ́n fún, ẹni tí wọ́n fún tójú wá ń tì. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

*

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Làfẹ́ǹwá là ń gbé. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì láti Kútọ̀ lọ sí Ọ̀ṣòdì, àtìgbà tí wọ́n ti ní kí mọ́tò má lọ sí Èkó mọ́ ló ti gbé e sílẹ̀. Ọmọ mẹ́rin la ní, ìbejì wà nínú ẹ̀. Màmá kan wà nínú ilé wa, àwọn nìkan ló ń gbé yàrá wọn, láfún àti èlùbọ́ ni wọ́n ń tà, Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì làwa ń lọ. Látìgbà tí ìṣòro yìí ti dé, tílẹ̀ bá ti ń mọ́ a máa ń bá abọ́ láfún lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n á ti fi láílọ́ọ̀nù bò ó, nígbà mìíràn wọ́n á fi ẹja gbígbẹ díẹ̀ sórí ẹ̀. Wọn kì í kan ilẹ̀kùn. Tí mo bá fẹ́ dúpẹ́ wọ́n á ní 'ọ̀rọ̀ wo nìyẹn'. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi san oore yìí, ojú sì ń tì mí. Kí ni kí n ṣe?" Ìyá Ìbejì, Làfẹ́ǹwá.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Màmá yìí mọ̀ ọ́n ṣe o! Ẹ wò ó dáadáa, wọn ò pè yín jáde, wọ́n bo abọ́, wọ́n gbé e sílẹ̀ kí àwọn ayálégbé yòókù tó jí. Ṣé ẹ mọ ìdí ẹ̀? Wọn ò fẹ́ káwọn ọmọ yín máa wò ó pé ẹnì kan ló ń bọ́ wọn, wọn ò sì fẹ́ kí bàbá ọmọ tó máa ń mówó wọlé tẹ́lẹ̀ rò pé wọ́n ń ka àìríṣẹ́ sí òun lọ́rùn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọn kì í kọ́ni níléèwé. Torí náà ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ ẹ má ba iṣẹ́ ọwọ́ wọn jẹ́, ẹ má lọ kúnlẹ̀ sáàárín páásééjì kẹ́ ẹ máa pariwo "Màmá, ẹ gbà wá lọ́wọ́ ebi o" kí gbogbo ilé máa yọjú.

Ṣe ni kẹ́ ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà tiyín láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ kúnlẹ̀ níbẹ̀, ẹ ní "Màmá, ẹ kú àárọ̀, ẹ ṣé àná." Ó tán. Kò sí ìfọwọ́kan, kò sí ìsúnmọ́ra, òfin dókítà ò bàjẹ́, òfin ilé Yorùbá náà ò bàjẹ́. Tí wọ́n bá ní "ọ̀rọ̀ wo nìyẹn", ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́, inú wọn ń dùn. Ẹni tí wọ́n bá kí pé ẹ ṣé àná ti mọ̀ pé ẹ jẹ ẹ́, pé ẹ sùn lé e lórí, pé ilẹ̀ mọ́ ẹ ò gbàgbé.

Ẹ má sì dárúkọ owó sí wọn létí mọ́. Mo mọ bó ṣe ń ṣèèyàn, ara ò ní balẹ̀, ẹ̀ẹ́ fẹ́ máa wí pé "Màmá, tí mọ́tò bá ti ń lọ màá san án o". Tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, ẹ ti sọ oore di gbèsè nìyẹn, tó bá sì yá Màmá fúnra wọn ò ní lè gbé abọ́ wá mọ́ láìrò pé àwọn ń kó ìyà bá yín.

Ẹ ní ẹ ò ní nǹkan kan. Ẹ má bínú, mi ò gbà. Bàbá Ìbejì wà nílé, ara ẹ̀ le, kò níbi tó ń lọ. Màmá ń dàgbà, àgbàlagbà sì ni àrùn yìí ń bá jà jù, pàápàá ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà lára. Ẹ tún mọ bí ọjà Làfẹ́ǹwá ṣe ń rí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí wa sílẹ̀, gbogbo ayé fẹ́ ra nǹkan kí aago méjì tó lù, ará kan ń fi ara gbá ará kejì, ẹni tó ń húkọ́ ń húkọ́ sí ẹlẹ́yìn lọ́rùn. Kí ni Màmá fẹ́ lọ ṣe nínú irú èrò yẹn? Ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìbejì lọ bá wọn gbé àpò èlùbọ́, kó bá wọn ra ata àti epo bọ̀, kó fọ ọwọ́ ẹ̀ kó tó gbé e fún wọn. Kẹ́ ẹ sì wò ó, òun náà á jàǹfààní ẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí wá sí pákì láti ọjọ́ pípẹ́, tó wá jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ tó ń wo ògiri, ẹ fún un níṣẹ́, á dẹ́kun jíjà nílé náà (mo mọ̀ pé ẹ ò kọ ìyẹn sínú lẹ́tà).

Ìkan tún nìyí. Ààwẹ̀ ti dé. Kí ọmọ yín tó dàgbà jù máa pọn omi àlùwàlá Màmá sílẹ̀ lálẹ́, omi tí wọ́n máa fi se sààrì náà, kó gbé e sẹ́nu ọ̀nà wọn bí wọ́n ṣe ń gbé abọ́ sẹ́nu ọ̀nà tiyín. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pọn omi àlùwàlá, kí ló kan Ọlọ́run níbẹ̀? Ilé wo ní Abẹ́òkúta ni ò sí ìmàle àti onígbàgbọ́ nínú ẹ̀? Tí àwọn ọmọ Màmá bá wà lẹ́yìn odi tí wọn ò lè wá, ẹ bá wọn fi fóònù yín pè wọ́n lórí fídíò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá ní dátà, kí wọ́n rí ojú ìyá wọn.

Abọ́ náà ńkọ́? Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ẹ má dá a padà lófìfo. Ewédú tó wà lẹ́yìn ilé, ẹ já ìwọ̀nba ẹ̀ sínú ẹ̀. Ata rodo mẹ́ta péré náà ti tó. Ẹ gbé e sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà wọn, ẹ padà sẹ́yìn, kí wọ́n tó jáde mú un.

*

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi orúkọ mi síta. Tíṣà ni mí níléèwé aládàáni kan ní Ọbáńtokò. Látìgbà tí wọ́n ti ti iléèwé pa lóṣù March, ẹni tó ni iléèwé ní òun ò lè san owó oṣù torí pé àwọn òbí ò san owó iléèwé. Èmi nìkan ni mò ń gbé. Kọ́mítì àdúgbò fẹ́ pín oúnjẹ, wọ́n ní opó àti arúgbó ló kàn, wọ́n wá ní 'Tíṣà, ìwé yín dáa, ẹ bá wa kọ orúkọ'. Èmi ni mo kọ orúkọ gbogbo wọn. Mo kọ ọ́ tán, mo wọlé lọ mu gàrí, kò sí ẹ̀pà, kò sí ṣúgà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa lanu sọ ọ́." Tíṣà, Ọbáńtokò.

Tíṣà wa, ẹ kú ìmúmọ́ra. Ẹ̀yin nìkan kọ́ o. Olùkọ́ ìjọba, ibi tí owó oṣù tiwọn ti ń bọ̀ yàtọ̀, ti olùkọ́ aládàáni, inú owó táwọn òbí bá san ni, ọjọ́ tí ilẹ̀kùn iléèwé bá sì ti tì, owó náà ti tì mọ́bẹ̀. Mi ò sọ pé ẹni tó ni iléèwé ń purọ́, àmọ́ tèmi ni pé ẹni tó ní olùkọ́ lábẹ́, tí kò bá lówó tó máa san, ó lè pe wọ́n kó béèrè pé ṣé ẹ ti jẹun. Kò ná an ju owó ìpè lọ.

Ní báyìí, ẹnì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ sọ fún. Ẹ má kọ ọ́ sórí gúrúùpù àdúgbò, ẹ má dúró kẹ́nì kan fura. Akọ̀wé kọ́mítì tẹ́ ẹ jọ jókòó kọ orúkọ, òun ni kẹ́ ẹ pè ní fóònù lálẹ́ tó bá ti dákẹ́, ẹ ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi orúkọ tèmi náà sí i, iléèwé ò san owó." Ẹ dákẹ́. Ẹ má ṣe àlàyé gígùn, ẹ má fi "ẹ má bínú" bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi dá yín lójú pé ohun tẹ́ni náà máa sọ ni "Háà, Tíṣà, ẹ ò ti ń sọ ọ́!" torí ẹni tó bá ń rí yín pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ lọ̀ tó gún régé, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹ tún ti fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ fún wọn pé opó àti arúgbó nìkan ni ebi ń pa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní ohun tẹ́ ẹ lè fún wọn padà, kí oúnjẹ náà lè lọ lọ́fun yín. Àwọn ọmọ wà nílé, wọ́n ti fẹ́ ya ilé wó. Ẹ̀kọ́ ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n OGTV lóòótọ́, àmọ́ ọmọ tí ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ta ló fẹ́ bi, àbí iná tó lọ láàárín ẹ̀ ńkọ́? Àwọn tó yẹ kó ti wọ WAEC náà jókòó, wọ́n ti sún ìdánwò síwájú, wọn ò mọ ọjọ́. Ẹ sọ fáwọn òbí pé kí wọ́n máa ya iṣẹ́ ọmọ wọn ránṣẹ́, ẹ̀ẹ́ máa máàkì ẹ̀, ẹ̀ẹ́ máa fi ohùn ṣàlàyé. Tí wọ́n bá béèrè iye ẹ, ẹ má tijú, ẹ ní kóńgò gàrí kan lọ́sẹ̀, tàbí ẹ̀wà, tàbí ohun tó bá wà nílé wọn. Àmọ́ ẹ má kó ọmọ jọ sínú yàrá o, nítorí Ọlọ́run.

Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ ń ka èyí, tẹ́ ẹ wà nínú kọ́mítì, ẹ jẹ́ n bá yín sọ̀rọ̀. Ebi ò ní aṣọ tó ń wọ̀. Opó tó ní ọmọ mẹ́ta ní Kánádà tí wọ́n ń fowó ránṣẹ́ wà lórí ìwé yín, onídìrí tí ìjọba ní kó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọmọ ilé-ọtí, wọn ò sí níbẹ̀. Ẹ máa wo ẹni tó máa ń jáde sí ìta tẹ́lẹ̀ tí kò jáde mọ́. Ẹ máa wo ẹni tó ń tètè sọ pé "mo ti jẹun" nígbà tẹ́nikẹ́ni ò tíì bi í. Ẹ má sì béèrè pé "ṣé ẹ nílò ìrànlọ́wọ́?" Ta ló fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ gbé e lọ. Ẹ ní "wọ́n ní ká gbé tiyín wá", ẹ yí padà.

*

"Wọ́n pín ìrẹsì àti indómì ládùúgbò wa, wọ́n ní kí oníkálùkù gbé tiẹ̀ sókè kí wọ́n ya fótò. Màmá mi wà nínú fótò náà, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Fótò náà ti dé orí WhatsApp, àbúrò wọn ní Ìbàdàn ti pè pé ṣé ebi ń pa yín ni. Wọn ò jáde mọ́, wọ́n ní àwọn ò jẹ ìrẹsì náà. Ṣé kí n lọ bá wọn jà?" Ọmọ Màmá, Adìgbẹ.

Ẹ má jà, torí Màmá máa gbọ́ ìjà náà láti inú yàrá. Àmọ́ ẹ lọ bá alága lójú korojú, kí ìbòmú wà lẹ́nu yín, ẹ ní kí wọ́n yọ fótò náà kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí, kí wọ́n sì wá kí Màmá. Mo mọ àwíjàre wọn, wọ́n á ní àwọn tó fowó sílẹ̀ fẹ́ rí i pé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ. Òótọ́ ni, wọ́n ti jẹ owó aráàlú rí. Kí wọ́n wá ya fótò àpò ìrẹsì nígbà tí wọ́n já a sílẹ̀, kí wọ́n ya ìwé tí wọ́n kọ iye ẹ̀ sí, kí ẹni méjì tí kì í ṣe kọ́mítì buwọ́ lù ú. Ojú ìyá arúgbó kọ́ ni rìsíìtì.

Ìrẹsì náà, ẹ bá wọn sè é. Tẹ́ ẹ bá sè é tó ń ta sánsán, a máa mọ̀ bóyá wọn ò ní jẹ.

*

"Mo ra àpò ìrẹsì, mo dì í sínú láílọ́ọ̀nù, mo pín in fún gbogbo ilé tó yí wa ká. Ẹni méjì péré ló padà wá dúpẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìdí wo ni mo fi máa pín òmíràn?" Alhaji kan, Ìbàrà.

Alhaji, ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́run. Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé oore tí a ṣe tí a lóṣòó tì, bí ẹni tí ò ṣe é ni. Ó jọ pé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹ̀yin àtẹni tẹ́ ẹ fún ló máa kọ lẹ́tà wá.

Kò burú tó bá dùn yín, èèyàn ni yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ n bi yín, ta ló gbé ìrẹsì náà lọ? Tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ yín tàbí dírẹ́bà ló gbé e, tó kan ilẹ̀kùn tó gbé e sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìdajì wọn rò pé pálíétíìfù ìjọba ló dé, wọ́n á ti máa ki Gómìnà. Àwọn kan mọ̀, ojú ló ń tì wọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ná an ní ẹgbẹẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ wá dúró ní géètì yín? Àwọn kan sì wà tí wọ́n yájú lásán, irú wọn ò ní tán láyé. Ẹ pín òmíràn. Oṣù tá a wà yìí ló tún yẹ jù, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n jù mí lọ pé wọ́n ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún fi tọrẹ, àwọn ìjọ onígbàgbọ́ náà sì ní Jésù sọ ọ́. Tẹ́sìn méjèèjì bá ti panu pọ̀ sórí ọ̀rọ̀ kan, ká rọra gbà á.

*

Àwọn kéékèèké, wéré wéré:

Arákùnrin tí aládùúgbò ẹ̀ fún ní chloroquine "kó máa fi dènà": ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ má lò ó. Nínú oṣù March, àwọn kan ní Èkó tó dá a lò fúnra wọn, ọsibítù ni wọ́n bá ara wọn. Àgbo ewúro àti atalẹ̀ tí Màmá yín ń sè ò burú fún ẹnu, àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ jókòó ti ẹni tó ń húkọ́.

Àǹtí télọ̀ tó ń fi àjákù àdìrẹ rán ìbòmú, tó béèrè bóyá kí òun tà á àbí kí òun fi tọrẹ: ẹ tà á fẹ́ni tó gbé mọ́tò wá, ẹ fún alákàrà àti ẹni tó ń pọn omi tà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìpele méjì, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ọṣẹ àtomi ni wọ́n ń fi fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, kì í ṣe pé kí wọ́n gbọ̀n ọ́n.

*

"Ọmọ mi ọkùnrin dé láti Èkó lóru, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn wá torí ebi fẹ́ pa á síbẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti gbọ́. Wọn ò kí wa mọ́, wọn ò jẹ́ ká pọn omi ní kànga, ọmọdé kan pariwo 'kòrónà' sí mi lójú títì. Ara ọmọ náà le, kò húkọ́." Ìyá kan, Aké.

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Màá gba tiyín, màá sì gba tiwọn díẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ìkà, Èkó ni àrùn náà pọ̀ sí jù, ẹni tó sì kó o lè máà tíì húkọ́ kó ti máa tàn án kiri. Kí ọmọ yín wà nínú yàrá tiẹ̀ fún ọjọ́ 14, kó ní abọ́ tiẹ̀ àti ife tiẹ̀, kí fèrèsé máa wà ní ṣíṣí. Tí ibà bá mú un tàbí tí kò rí èémí mí dáadáa, ẹ pe nọ́ńbà tí wọ́n ń kà lórí rédíò, ẹ má gbé e wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù. Kẹ́ ẹ sì ránṣẹ́ sí baálé àdúgbò kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ti tọ́jú ẹ̀ sínú yàrá, ìgbà tí wọn ò mọ nǹkan kan ni wọ́n ń bẹ̀rù jù.

Ẹ̀yin aládùúgbò tẹ́ ẹ ti kànga pa, ẹ wá ṣe tiyín. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa fa omi fún wọn, ẹ gbé bókẹ́ẹ̀tì sí ìdajì ọ̀nà, kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀ kí Ìyá tó wá gbé e. Tẹ́ ẹ bá fi omi dù wọ́n, kí ni wọ́n máa fi fọ ọwọ́ tẹ́ ẹ ní kí wọ́n máa fọ̀? Ọmọ tó pariwo yẹn, ẹ fà á létí. Ẹ̀yìn ọ̀la, tí ọmọ tiyín náà bá sá dé láti Èkó tàbí láti Ọ̀tà, irú ariwo wo lẹ fẹ́ kí wọ́n pa sí i?

*

"A jẹ́ ọ̀dọ́ mélòó kan ládùúgbò wa ní Ìtokò. A fẹ́ dá owó jọ láti ran àwọn èèyàn lọ́wọ́, àmọ́ àwọn tó lówó ò tó nǹkan, àwọn tí ò ní ń wò wá. Báwo la ṣe máa ṣe é tí kò ní dìjà?" Ọ̀dọ́ Ìtokò.

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, ẹ̀yin lẹ tún ń bi mí! Kí Ẹ̀gbá tó dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, nígbà tí àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú ọba Ọ̀yọ́, ń jẹ gàba lé wọn lórí nínú igbó Ẹ̀gbá, kí ni Lísàbí Agbòǹgbò-Àkàlà fi kó àwọn èèyàn jọ? Kò kó wọn jọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ogun. Àáró ni. Lónìí gbogbo wa lọ roko ẹni yìí, lọ́la a lọ sí tẹni tó tẹ̀ lé e, títí á fi kárí, abẹ́ àáró yẹn ni ẹgbẹ́ ológun ti gbó tó wá gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú àáró ni pé kò sí alágbe nínú ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń ro oko ẹ̀ lónìí ò ní sorí kọ́, torí pé lánàá ó wà lóko ẹlòmíràn, lọ́la ó tún ń lọ.

Torí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó. Tẹ́ ẹ bá ti fi owó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti pín àdúgbò sí àwọn tó ń fúnni àtàwọn tó ń gbà nìyẹn, ìjà sì ti wọ̀ ọ́. Ẹ lọ láti ojúlé dé ojúlé, ẹ dúró lẹ́nu géètì, ẹ bi oníkálùkù pé kí ló lè mú wá. Ẹni tó ní bóhòlù á ṣí ẹ̀rọ fún wákàtí kan láàárọ̀ àti wákàtí kan nírọ̀lẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ á to bókẹ́ẹ̀tì kí wọ́n jìnnà síra. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù tí wọ́n gbà láyè láti jáde á máa bá àwọn àgbà ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn bọ̀. Ẹni tó ní gbágùúdá lóko á hú u, àwọn obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní títì á yan gàrí. Ìyá arúgbó tí ò lè rìn, tó sì mọ gbogbo ilé àtọmọ ilé, òun ló máa sọ fún yín ẹni tí ebi ń pa tí kò ní sọ. Ẹni tó lówó, kó mú owó wá, iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn, kò ga ju ti ẹni tó ń to bókẹ́ẹ̀tì omi lọ. Kí orúkọ gbogbo ojúlé wà nínú ìwé, kí ohun tí wọ́n mú wá àtohun tí wọ́n gbà wà lórí ìlà kan náà, kó má sí ìwé "àwọn tá a ràn lọ́wọ́" lọ́tọ̀.

Owó tó bá wọlé, ẹni méjì ni kó máa mọ iye ẹ̀, kẹ́ ẹ máa kà á síta ní gbogbo Sunday. Kí ìwé náà sì wà lọ́wọ́ obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní Ìtokò, ó yẹ kẹ́ ẹ rí ọ̀kan.